Ehoro àti Ẹ̀wà Tó Pààrọ̀ Aṣọ

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ sún mọ́ mi. Ààlọ́ mi fò sókè, inú ikùn Ehoro ló balẹ̀ sí.

Ọjọ́ tí Ehoro wọlé ọkọ gan-an ni wàhálà dé. Nílé àwọn Òkété, ìyàwó tuntun gbọ́dọ̀ jẹ oúnjẹ mẹ́ta lọ́wọ́ ìyá ọkọ kí oòrùn tó wọ̀. Bí kò bá jẹ ẹ́, wọn á dá a padà sílé bàbá rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ẹ̀wà kì í bá ikùn Ehoro rẹ́. Ó ti sọ fún Ìyá Òkété.

Ìyá ní, "Má mikàn, ìyàwó mi, n ò ní se ẹ̀wà."

Ló bá gbé àkàrà wá. Ehoro jẹ ẹ́, ikùn rẹ̀ kùn. Ó gbé mọ́ínmọ́ín wá. Ehoro jẹ ẹ́, ikùn rẹ̀ wú. Nígbà tí gbẹ̀gìrì dé, ẹkún ló fi kọrin. Ẹ bá mi gbè é:

Ìyá ọkọ, ẹ má bínú,
Ikùn ń ké!
Àkàrà, ẹ̀wà ni,
Ikùn ń ké!
Mọ́ínmọ́ín, ẹ̀wà ni,
Ikùn ń ké!
Ó kàn pààrọ̀ aṣọ ni,
Ikùn ń ké!

Ìyá Òkété gbé etí lé ikùn Ehoro, ó gbọ́ bó ṣe ń hó. "Yéè! Mo ṣebí ẹ̀wà oníhóró nìkan lò ń sọ!" Ó wẹ̀yìn wò, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ilá ni kì í bá ikùn tèmi rẹ́. Látìgbà tí mo ti wọlé yìí, ẹ̀yìnkùlé ni mò ń dà á sí."

Ló bá sun iṣu dípò gbẹ̀gìrì, ó bu epo sí i. Ehoro jẹ ẹ́ tán, ó dìyàwó ilé.

Ẹ̀wà ò tíì bá ikùn Ehoro rẹ́ títí dòní. Ìkòkò kékeré kan tí ẹ̀wà àti ilá kì í wọ̀ ló wà lórí ààrò, òun àti ìyá ọkọ rẹ̀ ló jọ ń jẹ níbẹ̀.