Ìlẹ̀kùn Ilé-Osùn àti Bí Aratù Ṣe Dìlú

Ẹ̀yin ọmọ Aratù, ọmọ a-wẹ̀-lódò-kó-tó-jókòó-lórí-ìtẹ́, ọmọ olómi pupa tí kì í ṣe ẹ̀jẹ̀, ẹ súnmọ́ mi, kí n sọ ọ́ fún yín bí àwọn tó bí wa ṣe sọ ọ́ fún wa. Àlejò a máa bi wá pé kí ló dé tí ọba wa fi ń wẹ̀ ní gbangba bí ọmọ kékeré, tí ó sì ń na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì fún ará ìlú yẹ̀ wò. Wọ́n a bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ẹni tí kò mọ ìdí ọ̀rọ̀ ló ń fi í ṣẹ̀rín. Ìdí rẹ̀ nìyí.

Ìlú kan wà láyé àtijọ́ tó ń jẹ́ Òkèrúwà. Ìlú ńlá ni, ọrọ̀ sì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ní àṣà kan tí wọ́n fi ń ṣe ara wọn léṣe láìmọ̀. Bí àkọ́bí ọba lọ́kùnrin bá ti ń hu irùngbọ̀n, wọn á mú un wọ yàrá kan láàfin tí kò ní fèrèsé. Ilé-Osùn ni wọ́n ń pè é. Ibẹ̀ ni Àrẹ̀mọ yóò wà títí bàbá rẹ̀ yóò fi wàjà. Oòrùn kò gbọdọ̀ rí i, omi kò sì gbọdọ̀ kàn án lára. Láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, wọn á lọ osùn, wọn á fi epo pupa pò ó, wọn á sì fi kùn ún láti ọrùn dé àtẹ́lẹsẹ̀, tàná wà lábẹ́ tòní. Wọ́n ní iyì ọba ló ń ràn mọ́ ọn lára bẹ́ẹ̀, pé bí ó bá fi lè wẹ̀, oyè bàbá rẹ̀ ni ó ṣàn dà sódò yẹn.

Adérógbà ni Àrẹ̀mọ tí à ń sọ yìí. Nígbà tó wọ Ilé-Osùn, ara rẹ̀ ń dán, kò ní àmì kan. Kò pẹ́ tí èéyún fi bo ẹ̀yìn rẹ̀, ó wọ abíyá, ó sọ̀ kalẹ̀ sí itan. Ọ̀sán òun òru ló fi ń họ ara, ẹ̀jẹ̀ kò sì gbẹ lábẹ́ èékánná rẹ̀ mọ́. Ọ̀dọ̀fin, ìjòyè àgbà tó ni iṣẹ́ kíkùn náà, rí gbogbo rẹ̀. Ẹ má pe Ọ̀dọ̀fin ní ìkà o. Ó fẹ́ràn ọmọ náà bí ẹyinjú rẹ̀, ohun tó mọ̀ ló sì ṣe: ó ní kí wọ́n fi osùn kún osùn. Bí egbò ti ń pọ̀ sí i ni osùn ń nípọn sí i. Ẹni tó ń fi epo paná, ǹjẹ́ iná ọ̀hún á kú?

Bẹ́ẹ̀ ni òfin Òkèrúwà le koko pé alábàwọ́n ara kì í dé adé. Adérógbà mọ̀ pé lọ́jọ́ tí bàbá òun bá wàjà, tí àwọn afọbajẹ bọ́ aṣọ lára òun tí wọ́n sì nu osùn kúrò, oyè ti bọ́ lọ́wọ́ òun nìyẹn. Láti kékeré, adé ni wọ́n tọ́ ọ fún. Kò kọ́ iṣẹ́ mìíràn. Nínú òkùnkùn yẹn, ohun méjì ló ń bà á lẹ́rù: kí adé má bọ́, kí èéyún má sì pa òun kí adé tó dé.

Ìyá rẹ̀ ni kò lè wò ó mọ́. Ní ìdájí ọjọ́ kan, ó ṣí ìlẹ̀kùn Ilé-Osùn fúnra rẹ̀, ó di ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ mú, wọ́n sì gun òkè tó wà lẹ́yìn ìlú. Ìyá arúgbó kan ń gbé ibẹ̀ tó ń bọ òkè náà. Ìyá Olókè ni gbogbo ayé ń pè é. Ó wo Adérógbà títí. Ó gbé etí sí ẹnu ihò òkúta tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde, lẹ́yìn náà ni ó sọ̀rọ̀:

"Adérógbà, ibi tí ara rẹ bá ti gbàgbé èékánná rẹ, ibẹ̀ ni ilé rẹ. Má dúró kí o tó débẹ̀. Bí o bá sì ti débẹ̀, má kúrò, kódà kí wọ́n fi adé pè ọ́."

Adérógbà kúnlẹ̀. Ó ní, "Ìyá, èwo wá ni kí n mú, ara mi ni àbí adé mi?"

Ìyá Olókè dáhùn pé, "Bí kò bá sí ara, kí ni wọn óò gbé adé lé?"

Ìyá rẹ̀ sunkún, ó súre fún un, Adérógbà sì mú ọ̀nà pọ̀n. Ẹni tí oòrùn kò rí láti ìgbà tó ti hu irùngbọ̀n ni oòrùn wá ń lù lágbárí. Eruku lẹ̀ mọ́ osùn ara rẹ̀, eṣinṣin ń tẹ̀ lé e bí ẹni ń tẹ̀ lé ọlọ́jà. Bó bá dé abúlé kan, àwọn ọmọdé á sá wọlé, àwọn àgbà á ní iwin ni. Níbikíbi tó bá dùbúlẹ̀ sí, yóò bi ara rẹ̀ léèrè bóyá ibẹ̀ ni. Èéyún ni yóò dá a lóhùn. Yóò dìde, yóò tún máa lọ.

Bó ti ń lọ, igbó ń fọ́nká, ilẹ̀ ń tẹ́ sílẹ̀, ojú ọ̀run ń fẹ̀. Ó wá dé ibì kan tí àwọn igi òrí pọ̀ sí létí odò tó mọ́ gaara. Àkókò tí èso wọn ń já bọ́ ni. Obìnrin kan dúró ti ìkòkò lórí iná, ó ń ro òrí, apá rẹ̀ méjèèjì ń dán bí ẹyin tuntun. Àwẹ̀ró lorúkọ rẹ̀, ẹni tí à ń kì ní Àwẹ̀ró a-fi-òwúrọ̀-ṣòògùn, Àwẹ̀ró tí kì í bá ìdọ̀tí ṣọ̀rẹ́. Ó gbójú sókè, ó rí àlejò.

"Ìwọ ọkùnrin yìí," ó ní, "ta ló fi epo ra ọ́ lára báyìí? Ṣé wọ́n fẹ́ sun ọ́ jẹ ni?"

Adérógbà na ọrùn sókè. "Àrẹ̀mọ Òkèrúwà ni mí. Fún mi ní òrí, kí n fi para."

"Háà, Àrẹ̀mọ, ẹ káàbọ̀ o." Àwẹ̀ró kúnlẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rín kò kúrò lẹ́nu rẹ̀. "Ẹ má bínú, òrí tèmi kì í gun orí ìdọ̀tí. Ẹ lọ wẹ̀ ná."

"Bí mo bá wẹ̀, oyè mi ni mo ṣàn dànù."

"Oyè wo ló ń gbé inú epo ìjẹta?"

Ó gbé ọṣẹ dúdú àti kàn-ìn-kàn-ìn lé orí òkúta létí odò, ó padà sídìí ìkòkò rẹ̀. Adérógbà dúró létí omi títí oòrùn fi ń rẹlẹ̀. Ó ń wo omi bí ẹni ń wo ọ̀tá, bẹ́ẹ̀ ni a kì í bá omi ṣọ̀tá. Níkẹyìn, èéyún bá a parí ìjà náà. Ó kígbe, ó sì wọ odò lọ.

Bó ti ń fọ ara ni osùn ń ṣí, ìpele lórí ìpele, omi sì pọ́n lọ sísàlẹ̀ odò. Àwọn obìnrin tó ń pọnmi nísàlẹ̀ rí i, wọ́n da kèrègbè àti ìkòkò sílẹ̀, wọ́n ń sáré kígbe pé wọ́n ti pa ènìyàn lókè odò! Láti ọjọ́ yẹn ni odò wa ti ń jẹ́ Omípọ́n. Ẹni tí wọ́n ní wọ́n pa sì dúró láàárín omi, ó ń sunkún ayọ̀, nítorí pé ó ti pẹ́ tí afẹ́fẹ́ ti kàn án lára gbẹ̀yìn.

Ẹ má rò pé ọjọ́ kan ni ara dá. Òrí ta á lójú egbò lálẹ́ ọjọ́ náà, ó sì fẹ́ sá lọ. Àwẹ̀ró kò bẹ̀ ẹ́. Ó kàn fi bí òun ti ń gbé ayé hàn án: ní àfẹ̀mọ́jú, yóò fi ẹsẹ̀ lásán rin inú ìrì, yóò wẹ̀, bí egbò bá wà, yóò fi omi ewúro nu ojú rẹ̀, yóò fi òrí ra ara fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ìwọ̀n tí awọ lè mu. Yóò yá oòrùn àárọ̀, ṣùgbọ́n bí òjìji bá ti kúrú lábẹ́ ẹsẹ̀, abẹ́ igi ni. "Oòrùn àárọ̀ oúnjẹ awọ ni," bẹ́ẹ̀ ni Àwẹ̀ró máa ń wí, "oòrùn ọ̀sán, iná ni." Ọ̀rọ̀ náà kò tíì kúrò lẹ́nu wa di òní. Adérógbà mu omi, ó jẹ èso, ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣa èso òrí, ó kọ́ oko ríro. Ọmọ ọba tí kò gbé igbá rí wá ń ru apẹ̀rẹ̀, ó sì ń kọrin.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n jọ ń wú iṣu. Adérógbà na ọwọ́ gba omi mu lọ́wọ́ Àwẹ̀ró, obìnrin náà sì di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Àrẹ̀mọ," ó ní, "ẹ wo abẹ́ èékánná yín."

Adérógbà wò ó. Erùpẹ̀ dúdú ló wà níbẹ̀. Kò sí ẹ̀jẹ̀. Ó gbìyànjú láti rántí ìgbà tó họ ara gbẹ̀yìn, kò rántí. Ara rẹ̀ ti gbàgbé. Ó fi igbá omi sílẹ̀, ó jó yí oko ká, ó ń ké pé, "Ara tù mí! Ara tù mí o!" Ohùn rẹ̀ dé òdìkejì odò. Ibẹ̀ ni orúkọ ìlú yìí ti wá.

Àṣé adé náà ti ń bọ̀ lọ́nà. Bàbá rẹ̀ ti wàjà, Ọ̀dọ̀fin sì kó àwọn afọbajẹ sẹ́yìn, wọ́n ń wá Àrẹ̀mọ kiri. Wọ́n bá ọkùnrin kan tó ń sá èso òrí sóòrùn, ara rẹ̀ ń dán gbinrin. Wọ́n ní kí ó júwe ibi tí Adérógbà wà fún àwọn. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Baba Ọ̀dọ̀fin, ẹ kò mọ̀ mí mọ́?" Gbogbo wọn dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ọ̀dọ̀fin yẹ ara Adérógbà wò níwá lẹ́yìn, kò rí àbàwọ́n kan, inú rẹ̀ dùn débi pé omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó pàṣẹ kí wọ́n gbé adé jáde nínú agbọ̀n. Lẹ́yìn náà, ó gbé igbá osùn jáde.

"Ẹ jẹ́ kí n kùn yín, Àrẹ̀mọ, kí a máa lọ. Ẹ óò wà ní Ilé-Osùn títí ètò oyè yóò fi parí. Oòrùn ti rí yín jù."

N kò ní purọ́ fún yín, ọkàn Adérógbà fà sí adé náà. Ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ ń tàn yanranyanran. Ohun tó ti ń retí láti kékeré ló wà níwájú rẹ̀ yìí, ara rẹ̀ sì ti yẹ ẹ́. Ó súnmọ́ igbá osùn. Nígbà náà ni ó rí i tí Ọ̀dọ̀fin gbé igbá sílẹ̀, tó fi ọwọ́ pamọ́ sábẹ́ agbádá, tó sì ń họ ọrùn ọwọ́.

"Baba, ẹ mú ọwọ́ yín wá."

Ọwọ́ bàbá náà ti sán bí ilẹ̀ ọyẹ́, ó ti bó láti ìka dé ìgbọ̀nwọ́. Ọwọ́ tó ti ń kun àwọn àrẹ̀mọ láti ìgbà èwe rẹ̀ ni.

"Láti ìgbà wo, baba?"

"Ó ti pẹ́, ọmọ mi. Iṣẹ́ ọba ni."

Adérógbà fà á wọ odò. Àwọn afọbajẹ ń pariwo pé èèwọ̀ ni. Ó fi ọṣẹ fọ ọwọ́ bàbá náà, ó fi omi ewúro nù ún, Àwẹ̀ró sì gbé òrí wá. Ọjọ́ bí mélòó kan ni wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀, tí àwọn afọbajẹ ń ráhùn lábẹ́ igi. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Ọ̀dọ̀fin jí, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà ní títẹ́ sílẹ̀ lórí ẹní, wọ́n rọ̀, wọn kò yún. Ó wò wọ́n títí, ó sì bú sẹ́kún.

"Mélòó nínú àwọn àrẹ̀mọ wa ló ti kú sínú òkùnkùn yẹn, tí a ní àrùn ló pa wọ́n?" ó ní. "Ọwọ́ mi yìí ni mo fi ń kùn wọ́n. Osùn kò ṣẹ̀. Àwa tí a kò jẹ́ kí wọ́n wẹ̀ la ṣẹ̀."

Adérógbà wá dìde láàárín wọn, ó ní, "Ẹ gbé adé lọ fún Adéwùsì àbúrò mi, ẹni tí omi àti oòrùn ti mọ̀. N kò ní bá a du ú. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ nínú ogún bàbá mi. Ẹ yọ ìlẹ̀kùn Ilé-Osùn, kí ẹ gbé e wá fún mi."

Wọ́n sì gbé e wá. Ìlẹ̀kùn ìrókò ni, ó wúwo, àwọn géńdé ń gbà á lórí ara wọn. Ìyá Adérógbà ló ṣíwájú wọn, ó ń jó bọ̀, ogunlọ́gọ̀ ènìyàn Òkèrúwà sì tẹ̀ lé e, àwọn tí ara ń ni àti àwọn tí òkùnkùn ti sú. Wọ́n tẹ́ ìlẹ̀kùn náà sórí òkúta létí Omípọ́n. Adérógbà gun orí rẹ̀, ó wẹ̀ lójú gbogbo wọn nínú oòrùn àárọ̀, wọ́n sì hó yèè. Ibẹ̀ ni ó ti di Aláratù àkọ́kọ́, ọba ìlú tuntun yìí. Ó fi Àwẹ̀ró ṣe olorì. Ọ̀dọ̀fin kò padà sílé mọ́, ìdílé rẹ̀ ló sì ń mú kàn-ìn-kàn-ìn ọba títí di òní.

Ìdí nìyẹn, ẹ̀yin ọmọ Aratù, tí kò fi sí yàrá tí kò ní fèrèsé nínú ààfin wa. Ìdí nìyẹn tí a fi ń rin ìrì kí a tó jẹun àárọ̀. Bí a bá sì fẹ́ fi ọba jẹ, orí ìlẹ̀kùn náà ni yóò gùn, èyí tí omi kò tíì lè ṣan pípọ́n osùn ara rẹ̀ tán. Yóò wẹ̀ lójú ayé, àwọn ọmọbìnrin ilé Àwẹ̀ró yóò fi òrí pa á lára fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, yóò sì na ọwọ́ méjèèjì síwájú. Ìyá tó dàgbà jù lọ nílùú ni yóò yẹ abẹ́ èékánná rẹ̀ wò níkọ̀ọ̀kan, tí gbogbo ìlú á dákẹ́ jẹ́ẹ́.

"Erùpẹ̀ ni," ni ìyá náà yóò wí. "Kò sí ẹ̀jẹ̀."

Gbogbo wa á sì dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà pé, "Ara tù wá!"