Àgbàdo Sísun ni Ẹbọ Fóònù

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ìsàlẹ̀ Àpáta lọ́sàn-án yìí, ẹnu ò gbà á tán. Bámitálẹ́ wẹ́dà, gìrìpá ọkùnrin tó ń jó irin, dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún fóònù lójú gbogbo àdúgbò. Ẹ jẹ́ ká mú un láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ojú tó rí ẹwà kò gbọ́ ohùn.
Àpáta ò mọ ẹni tó gbayì.
Ẹni tó bá jẹ àgbàdo rẹ ní í sọ òótọ́ inú yàrá ẹ̀ fún ọ.
Ọ̀rọ̀ tí obì sọ nìyẹn lọ́jọ́ tí Bámitálẹ́ gbé ìdààmú ẹ̀ tọ Ìyá Awódélé lọ, ìyá àgbà tó ń fi obì wádìí ọ̀ràn.

Fóònù ẹ̀ ló já sí kànga. Ó bẹ̀rẹ̀ kó wo omi, fóònù yọ lápò àyà ẹ̀, ó ró pọ̀ọ́, ó tán. Fóònù tuntun àti láìnì tuntun ti di dandan, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ fáàrí. Mofẹ́wà, ọmọbìnrin tó fẹ́ fi ṣaya, ń lọ kí bàbá ẹ̀ tó ń ta àlùbọ́sà ní Sókótó, bàbá náà sì ti ránṣẹ́: lọ́sàn-án Sátidé, òun á pe ọmọkùnrin náà, òun á fojú ara òun rí i lórí fóònù kó dọ̀bálẹ̀, kóun tó ní kí ẹbí ẹ̀ wá tọrọ ọmọ. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lòun á pè. Ẹni tí ò bá gbé ìpè àna, kò lè gbé ọmọ àna. Ọkùnrin míì sì wà ní Sókótó tó ń bá bàbá náà di àpò àlùbọ́sà láràárọ̀.

Bámitálẹ́ bá Màmá Eléní lọ́dọ̀ Ìyá Awódélé. Màmá yìí, ìyá arúgbó tó ń hun ẹní, ògiri kan náà lòun àti Bámitálẹ́ jọ ń lò. Òun náà ń wá fóònù tó máa fi gbọ́ ohùn ọmọ ẹ̀ tó wà ní Kùtọnu.

Ìyá Awódélé ta omi sílẹ̀, ó la obì, ó dà á, ó wò ó títí.

“Ẹbọ kan náà ni ti ẹ̀yin méjèèjì. Ẹ sun àgbàdo, kẹ́ ẹ pín in láti ojúlé dé ojúlé. Bẹ́ ẹ bá ti ń jẹ ẹ́ pẹ̀lú wọn, ẹ bi wọ́n pé, láìnì wo ló ń sọ̀rọ̀ nínú yàrá yín? Ẹnu ará àdúgbò lẹbọ. Bámitálẹ́, má fi ojú nìkan ra ohun tí wọ́n ń fi etí lò.”

“Ìyá, bàbá yẹn fẹ́ rí mi ni. Ojú ló fẹ́ lò.”

“Kó tó rí ẹ, ṣé kò ní kọ́kọ́ bá ẹ lórí láìnì ni?”

“Ẹ má bínú o. Ṣé obì tiẹ̀ mọ fóònù? Èmi wẹ́dà, kí n wá máa gbé igbá àgbàdo kiri ojúlé?”

“Obì ò mọ fóònù. Obì mọ èèyàn.”

Màmá Eléní ti dìde. “Ẹ máa bá ara yín fà á. Èmi ń lọ dáná.”

Ó sun àgbàdo lóòótọ́, ó pín in kárí. Ibi tó bá dé, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń sọ: “Ìgbín ni, Màmá. Láìnì Ìgbín kì í yára, àmọ́ ó ń gun àpáta.” Ó ra Ìgbín, ó ra fóònù kékeré tó ní tọ́ọ̀ṣì lórí. Mofẹ́wà tó wá dágbére fún wọn ló bá a tọ́jú orúkọ àwọn èèyàn sínú ẹ̀, ó sì gba nọ́ńbà Màmá. Kó tó di ọjọ́ kẹta, ọmọ Kùtọnu ti rí àwọn tó fẹ́ ra ẹní.

Bámitálẹ́ ń fi Màmá rẹ́rìn-ín. Àárọ̀ Sátidé gan-an ló ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìgboro lọ. Fóònù tó rà fẹ̀ bí àwo ìjẹun, ojú kámẹ́rà tó wà lẹ́yìn ẹ̀ pọ̀ bíi ti alántakùn. Láìnì Mànàmáná ló mú, torí ọkùnrin inú àwòrán tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ṣọ́ọ̀bù náà ń rẹ́rìn-ín lórí ẹṣin tó ń fò. Ó pe Mofẹ́wà níbẹ̀, wọ́n rí ara wọn kedere, Mofẹ́wà tiẹ̀ rí irorẹ́ imú ẹ̀. Ó fún un ní nọ́ńbà tuntun, ó sáré bọ̀ nílé wá wọ aṣọ funfun.

Bó ṣe ń sún mọ́ àpáta ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń sá padà. Nígbà tó fi dé ẹnu ọ̀nà ẹ̀, Mànàmáná ti kú fin-ín-fin-ín.

Ó gun igi máńgòrò, kò sí. Ó gun òrùlé ilé ewúrẹ́, ó na fóònù sókè bí ẹni ń fi ọmọ han oṣù, kò sí. Oòrùn ti dé àtàrí. Àwọn ará àdúgbò jáde, wọ́n ń wò ó.

Ni Ìgbín bá ké nínú yàrá Màmá Eléní.

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pe Bámitálẹ́,” Mofẹ́wà ni. “Bàbá ti pè é, kò wọlé. Wọ́n ní àwọn ò ní pè lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní èyí kì í ṣe ìkejì, nọ́ńbà míì ni.”

Bámitálẹ́ já wálẹ̀ bí ọsàn tó pọ́n. Bàbá Mofẹ́wà ti gba fóònù.

“Mo ní mo fẹ́ rí ọ.”

“Ẹ jọ̀wọ́ sà, fóònù Màmá ò lójú.”

“Etí ló wá kù. Kí wọ́n gbé e sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Dọ̀bálẹ̀ kí n gbọ́.”

Àánú aṣọ funfun yẹn ṣe Màmá Eléní, ó sáré tẹ́ ẹní tuntun sílẹ̀. Bámitálẹ́ nà lé e lórí, àyà kan ẹní.

“Kò tíì dọ̀bálẹ̀,” ni bàbá wí.

“Ó ti dọ̀bálẹ̀, Bàbá,” ni Màmá dáhùn.

“Mi ò gbọ́ nǹkan kan. Èyí tó wà níbí, tó bá dọ̀bálẹ̀, àlùbọ́sà á yí.”

Màmá ní kó dìde. Ó ká ẹní ẹ̀, ó há a sábẹ́ apá. Bámitálẹ́ wo erùpẹ̀, ó wo aṣọ ẹ̀, ó fò sókè, ó fi gbogbo ara lélẹ̀: gbìì. Àwọn adìyẹ fọ́n ká.

“Ẹ̀hẹ́n,” ni bàbá wí. “Èyí wọlé. Kí ẹbí ẹ máa múra bọ̀.”

Ẹni tó rúbọ ń gbọ́ ohùn ọmọ ẹ̀ láràárọ̀, ẹní ẹ̀ sì ń dé Kùtọnu. Ẹni tó fi ẹbọ ṣe yẹ̀yẹ́, aṣọ funfun ló fi gbálẹ̀, ó kábàámọ̀ títí dé irun imú.

Bámitálẹ́ dìde, kò gbọn eruku. Ó gba ẹ̀yìn Màmá Eléní kọjá, ó wọ ilé ìdáná ìyá náà, ó fa agbọ̀n mọ́ra, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bó àgbàdo.