Ọ̀kẹ́rẹ́ Akùnlé àti Láfún Ìyá Rẹ̀

Àlọ́ o!

Àlọ̀ o!

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó lẹ́yìn yẹn, ṣé oúnjẹ alẹ́ ló dí yín lọ́fun ni? Àlọ́ o!

Àlọ̀ ooo!

Ẹ̀n-ẹ́n. Àlọ́ tèmi lálẹ́ yìí kò bá ẹlòmíràn wí, Ọ̀kẹ́rẹ́ ló bá wí, ọmọ Ìyá Oníláfún. Mo fẹ́ràn ọmọ náà, kí n má purọ́ fún yín. Ó ya olójúkòkòrò, àmọ́ ta ni nínú yín tí kò yà á rí? Mojírayọ̀, má wo ẹ̀gbọ́n rẹ, ìwọ náà wà níbẹ̀.

Ní ìgbà kan rí, nígbà tí àwọn ẹranko ń kọ́lé, tí wọ́n sì ń kùn ún, Alágẹmọ ni ọ̀gá gbogbo akùnlé. Ta ni ì bá tún jẹ́? Ẹni tí àwọ̀ ara rẹ̀ kì í dúró sójú kan, òun ló mọ àwọ̀ í lò. Osùn ló fi ń kùn ún pupa, ẹfun ló fi ń kùn ún funfun. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ ìrìn Alágẹmọ. Bó bá gbé ẹsẹ̀ kan, ẹ lè jẹun tán, kẹ́ ẹ fọ abọ́, kó tó gbé èkejì. Bó ṣe ń rìn náà ló ṣe ń ṣiṣẹ́. Ògiri tí ẹlòmíràn máa fi ọjọ́ kan kùn, ó lè lo ọjọ́ mẹ́jọ nídìí rẹ̀. Àmọ́ ògiri tó bá kùn, kí òjò pa á títí, kò ní ṣí.

Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Ọ̀kẹ́rẹ́ ti ń kọ́ṣẹ́. Ọdún mẹ́ta ni àdéhùn wọn. Ní ọdún kìíní, ògiri ló ń fá. Ní ọdún kejì, ó ń fá ògiri, ó ń gún ẹfun, ó ń jọ̀ ọ́, ó ń wá oje igi tí wọ́n fi ń pò ó kó lè lẹ̀ mọ́ ara ilé. Búrọ́ọ̀ṣì ńkọ́? Ẹ̀yìn ilé ìdáná nìkan ni ọ̀gá rẹ̀ ń jẹ́ kó kùn, níbi tí èèfín máa bo àṣìṣe mọ́lẹ̀.

"Ọ̀gá mi, ìgbà wo ni mo máa kùn iwájú ilé?"

"Nígbà tí ara rẹ bá balẹ̀."

"Ara mi ti balẹ̀, sà."

"Ìrù rẹ tó ń jó lẹ́yìn yẹn ńkọ́? Ṣé tìrẹ kọ́ ni?"

Ọ̀kẹ́rẹ́ fi ọwọ́ méjèèjì di ìrù náà mú. Inú ń bí i.

Nílé, ìyá rẹ̀ ń múra ọjọ́ òmìnira. Ẹ̀yin ọmọdé, ẹ gbọ́ o. Bí ọmọ iṣẹ́ bá parí, ọ̀gá rẹ̀ á gbé ọwọ́ lé e lórí, á súre fún un, á fi irinṣẹ́ lé e lọ́wọ́. Àwọn ẹbí rẹ̀ á se oúnjẹ fún gbogbo oníṣẹ́ ọwọ́ ìlú. Ẹni tí kò bá gba òmìnira, kó mọ iṣẹ́ ju ẹni tó kọ́ ọ lọ, kò sẹ́ni tó máa pè é lọ́gàá. Opó sì ni Ìyá Oníláfún. Láti ọjọ́ tí ọmọ rẹ̀ ti wọlé ẹ̀kọ́ṣẹ́ ló ti ń gbin pákí, tó ń rẹ ẹ́, tó ń sá a sórí àpáta, tó ń gún un. Ó ti ní agbọ̀n ńlá mẹ́ta tó kún fún láfún. Kò jẹ́ bù ú sè, bí ebi tilẹ̀ ń pa á.

"Lọ́jọ́ òmìnira ọmọ mi," á ní, "ẹni tí kò bá yó, ikùn ara rẹ̀ ni kó bá wí."

Ó wá di ọjọ́ kan, ẹfun tán nílé Alágẹmọ. Ó gbé agbọ̀n rẹ̀, ó kó búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ sínú àpò, ó ní òun ń lọ wa ẹfun létí odò.

"Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo máa fi lọ, mẹ́sàn-án ni mo máa fi bọ̀. Má gba iṣẹ́ lẹ́yìn mi o. Ẹni tó bá wá, ní kó dúró dè mí."

"Kí ẹ lọ ire, kí ẹ bọ̀ ire, sà."

Alágẹmọ kò tíì rìn jìnnà ju oko etílé lọ nígbà tí Àgbọ̀nrín sáré dé. Òjò ti wó ilé ìyá rẹ̀, arúgbó náà sì ti ń sùn lábẹ́ igi láti ìgbà yẹn. Àgbọ̀nrín ti kọ́ tuntun fún un. Ìṣílé ku ọjọ́ márùn-ún.

"Ọ̀gá dà?"

"Ọ̀gá rìnrìn àjò. Àmọ́ kí lẹ fẹ́ fi ọ̀gá ṣe? Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ló dúró níwájú yín yìí."

"Ìwọ lo kùn ilé Ẹfọ̀n?"

"Ṣé ọ̀gá ni? Ẹni tó jẹ́ pé kó tó gun àkàbà tán, ilẹ̀ á ti ṣú?"

Àgbọ̀nrín ronú. "Agbọ̀n èkùrọ́ mẹ́wàá ni mo fẹ́ fi san án."

Mẹ́wàá! Ọkàn Ọ̀kẹ́rẹ́ fò sókè. Bí ọ̀gá bá wà nílé, á mú mẹ́sàn-án, á fún òun ní ẹyọ kan pẹ̀lú ìmọ̀ràn. "Ẹ lọ fọkàn balẹ̀," ló sọ. "Ẹ kàn gbà pé mo ti kùn ún tán."

Àgbọ̀nrín lọ. Ìgbà yẹn ni Ọ̀kẹ́rẹ́ tó rántí pé kò sí ẹfun. Ó tú ilé ọ̀gá rẹ̀, kò rí ìwọ̀n tó lè kùn ojú eṣinṣin. Ó darí sílé. Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ bímọ, ìyá rẹ̀ sì ti rìnrìn àjò lọ tọ́jú rẹ̀. Agbọ̀n láfún mẹ́ta ló jókòó sí igun yàrá, ó funfun ju ẹfun lọ.

Ó wò ó. Ó wo ẹ̀yìn. Ó tún wò ó.

"Funfun ni funfun," ló sọ. "Àti pé agbọ̀n mẹ́wàá ju mẹ́ta lọ. Màmá á tún dúpẹ́ ni."

Ó ru gbogbo rẹ̀. Ó pò ó, ó gbé e kaná díẹ̀ kó lè lẹ̀. Kò fá ògiri. Kò dí ibi tó lanu. Ìrù rẹ̀ ló tì bọ inú ìkòkò, tó fi ń gbá ara ilé, tó ń kọrin. Ẹ bá mi gbè é:

Ọ̀gá lọ sódò o,
Fẹ̀rẹ̀fẹ́.
Kó tó padà dé o,
Fẹ̀rẹ̀fẹ́.
Ilé á ti dán o,
Fẹ̀rẹ̀fẹ́.
Èmi náà á dọ̀gá,
Fẹ̀rẹ̀fẹ́.

Ilé náà dán lóòótọ́. Kí n má fi ẹ̀tọ́ dù ú, ó rẹwà. Lọ́jọ́ ìṣílé, Ìyá Àgbọ̀nrín tí ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fọwọ́ kan ògiri, ó bú sẹ́kún. "Ọmọ mi, mo ti rí ilé funfun gbé kí n tó kú." Ọ̀kẹ́rẹ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, èkùrọ́ kún ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì. Ó yíjú kúrò lọ́dọ̀ arúgbó náà.

Àlejò dé. Ewúrẹ́ náà dé, tòun ti ọmọ méje. Èyí àbíkẹ́yìn fara ti ògiri, ó yọ ahọ́n.

"Màmá, ilé yìí dùn."

"Pa ẹnu dé! Ta ló ń jẹ ilé onílé?"

"Ẹ tọ́ ọ wò."

Ewúrẹ́ wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó fi ahọ́n kan án báyìí. Háà! Ó pe Òbúkọ. Òbúkọ pe Àgùntàn. Kí ẹ tó ṣẹ́jú, wọ́n ti tò síbẹ̀ láti igun dé igun, wọ́n ń lá a. Àwọn onílé lé wọn níwájú, wọ́n gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Òbúkọ fi ẹsẹ̀ méjì dúró kó lè dé òkè. Nígbà tí oúnjẹ fi jinná, amọ̀ pupa ló kù, tòun ti itọ́.

"Ariwo kí nìyẹn?" Ìyá Àgbọ̀nrín bi ọmọ rẹ̀.

"Wọ́n ń jẹ ilé yín, Màmá."

Àgbọ̀nrín tẹ ìwo rẹ̀ sílẹ̀, ó ń wá Ọ̀kẹ́rẹ́. Ọ̀kẹ́rẹ́ ti wà lórí òrùlé. Gbogbo ìlú ń pariwo pé kó sọ̀ kalẹ̀, ó ní òun ò sọ̀. Láàárín ariwo náà ni Ìyá Oníláfún dé láti ìrìn àjò. Ó sún mọ́ ògiri. Ó fi ìka ha èyí tó kù létí fèrèsé, ó fi kan ahọ́n. Kò sí obìnrin tí kò mọ láfún ọwọ́ ara rẹ̀.

Kò pariwo. Ó kàn sọ pé, "Òmìnira ọmọ mi lẹ lá yẹn."

Ewúrẹ́ fa ahọ́n rẹ̀ wọlé. Ọ̀kẹ́rẹ́ sì sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀, kẹ́nikẹ́ni tó tún pè é. Ó dá èkùrọ́ padà, títí kan èyí tó wà lẹ́rẹ̀kẹ́. Ó mú irin ìfágiri, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fá ògiri.

Ọjọ́ kejì, ó ń fá a. Ọjọ́ karùn-ún, ó ń fá a. Kò sẹ́ni tó bá a sọ̀rọ̀. Ìyá rẹ̀ ń gbé oúnjẹ sílẹ̀ fún un, á sì yí ẹ̀yìn padà. Ẹ̀yin ọmọ, ìyẹn dun ọmọ náà ju pàṣán lọ.

Alágẹmọ padà dé pẹ̀lú ẹfun rẹ̀. Àgbọ̀nrín ro ẹjọ́ fún un látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Alágẹmọ fi ọwọ́ ra ara ògiri, díẹ̀díẹ̀, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè.

"Ta ló fá a?"

"Èmi ni, sà."

"Ó dán." Ó yíjú sí Àgbọ̀nrín. "Ọmọ iṣẹ́ mi ni. Ohun tó bà jẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, lọ́wọ́ tèmi ló ti bà jẹ́. A máa kùn ún, a ò ní gba èkùrọ́ kankan." Ó wá yọ búrọ́ọ̀ṣì, ó nà án sí Ọ̀kẹ́rẹ́. "Iwájú ilé lo fẹ́, àbí? Kùn ún. Mo ń wò ọ́. Ṣùgbọ́n àdéhùn wa ti já. Láti òní lọ, ọdún mẹ́ta mìíràn."

"Mo gbọ́, sà." Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́jọ ló fi kùn ún, ìrù rẹ̀ kò sì mì lẹ́ẹ̀kan.

Lọ́jọ́ tí ó parí rẹ̀, ó délé, ó bá ìyá rẹ̀ tó ń mú ọkọ́ lẹ́nu ọ̀nà.

"Níbo lẹ ń lọ, Màmá?"

"Oko. Mo fẹ́ gbin pákí."

"Fún ta ni?"

Ìyá rẹ̀ wò ó. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó wò ó láti ọjọ́ ìṣílé. "Ọjọ́ òmìnira ọmọ mi," ló sọ. "Àbí o rò pé ọmọ mìíràn ni mo ní?"

Ọ̀kẹ́rẹ́ gba ọkọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó bọ́ síwájú.

Ìdí àlọ́ mi rèé: ẹni tó ń kọ́ṣẹ́, kó kọ́ ọ délẹ̀, kó má gba iṣẹ́ lẹ́yìn ọ̀gá rẹ̀. Ẹni tó bá fi ìwàǹwára wá orúkọ, ohun tí àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ fi ebi pa ara wọn tọ́jú ló máa fi ṣòfò. Ẹ̀yin òbí náà, bí ọmọ bá ti sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀, ẹ má jẹ́ kó pẹ́ kẹ́ ẹ tó wojú rẹ̀.

Ibi tí mo bá a dé nìyẹn. Bí mo bá fi irọ́ kan kún un, kí ohùn mi há lọ́la nígbà tí mo bá fẹ́ kí yín káàárọ̀. Ó yá, ẹ dìde, ẹ lọ sùn.