Àmì Abẹ́ Lẹ́tà
Ọ̀gbẹ́ni Láṣebìkan, olùbẹ̀wò ilé ìwé, gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ dé ilé ìwé Ìdí-Ìyá, ó ní lójú àwọn òbí pé bí ọmọ kíláàsì kejì kan péré bá ṣi orúkọ ara rẹ̀ tẹ̀, òun yóò ti ilé ìwé náà pa, kí àwọn ọmọ lọ máa sọdá odò kàwé níbòmíràn, odò tó gbé méjì nínú wọn lọ lọ́dún tó kọjá. Bẹ́ẹ̀ òun fúnra rẹ̀ ló buwọ́ lùwé pé ilé ìwé náà ti gba kọ̀ǹpútà mẹ́wàá. Àwọn ọmọ ò rí ẹyọ kan, orí pátákó tí tíṣà fi èédú kọ lẹ́tà sí ni wọ́n ti kọ́ bí a ṣe ń tẹ kọ̀ǹpútà. Ó pe Àwẹ̀ró, ọmọ ọdún méje, síwájú. Ọmọ náà wá “ẹ” títí, kò rí i, ló bá tẹ “Awero”. Olùbẹ̀wò jágbe mọ́ ọn: “Àmì abẹ́ ẹ̀ dà? Lẹ́tà tí kò lámì kì í ṣe lẹ́tà yẹn! O ti fìdí rẹmi. Ó yá, tẹ̀ ẹ́ kí gbogbo wọn rí i: ‘Ọ̀lẹ ni mí.’” Àwẹ̀ró kúnlẹ̀. “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ kọ́kọ́ bá mi tẹ̀ ẹ́ kí n wò ó.” Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó tẹ̀ ẹ́ wàrà, ó yí ojú kọ̀ǹpútà sí àwọn òbí. Àwẹ̀ró kà á sókè ketekete: “Olè ni mí.” Ó tún ní, “Kò lámì lábẹ́, sà. Ẹ̀yin lẹ ní kì í ṣe lẹ́tà yẹn.” Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Bàbá kan tí odò gbé ọmọ rẹ̀ lọ dìde, ó lọ ti ilẹ̀kùn kíláàsì. Ó ní, “Ọ̀gá, kọ̀ǹpútà mẹ́wàá wa dà?”