Awakọ̀ Tó Yà Sọ́dọ̀ Ọ̀gá Àtijọ́

Ọkùnrin kan wà tí ìdí rẹ̀ kì í gbé ibìkan. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa wa ọkọ̀ ìdíje, irú èyí tí táyà rẹ̀ wà níta gbangba, tí kò gbà ju ẹnì kan ṣoṣo lọ. Ara awakọ̀ gan-an ni wọ́n fi ń wọn àga irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní ọdún márùn-ún, ẹgbẹ́ eléré ìje mẹ́rin ló wọn àga fún un.

Kì í ṣe pé kò mọ ọkọ̀ wà o! Ó mọ̀ ọ́n wà dáadáa. Ṣùgbọ́n kò gba ipò kìíní rí, ohun tí kì í jẹ́ kó sinmi nìyẹn. Bó bá ṣe ipò kẹta, ọkọ̀ ni yóò dá lẹ́bi. Bó bá jókòó sínú ọkọ̀ pupa, ojú rẹ̀ á ti wà lára funfun.

Ní ẹgbẹ́ kẹta, níbi tó ti lo ọdún méjì, ọ̀gá mẹkáníìkì bẹ̀ ẹ́ pé, “Àbúrò, fara balẹ̀. Ọkọ̀ yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ̀ ọ́ ni. Fún wa ní ọdún kan sí i.”

“Ọdún kan kẹ̀? Ẹ̀yin lẹ lè dúró, bọ̀dá.” Ó bá tirẹ̀ lọ sí ẹgbẹ́ kẹrin.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, nínú eré ìje tó kẹ́yìn, òun ló wà níwájú gbogbo wọn. Ó ku ìyípo mẹ́wàá. Òjò bẹ̀rẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì pè é lórí rédíò etí rẹ̀ pé kó wá gba táyà òjò. Lójú ọ̀nà ìpààrọ̀ táyà, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní ojúde tirẹ̀, wọ́n tò bí ìsọ̀ ọjà. Ojúde tó fi ọdún méjì máa ń yà sí tẹ́lẹ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ yí ọkọ̀ sí.

Ó tẹ búréèkì. Ó ń retí kí wọ́n fi jáàkì gbé e sókè. Kò sẹ́ni tó mira. Nígbà tó gbójú sókè, ọ̀gá mẹkáníìkì àtijọ́ ló rí, tó di táyà ẹlòmíràn mú, tó ń pariwo pé, “Yéè! Kì í ṣe ibí mọ́! Máa lọ, máa lọ!”

Kó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn tirẹ̀, ọkọ̀ méjì ti kọjá rẹ̀. Ọkọ̀ tó fi sílẹ̀ ló gba ipò kìíní. Òun tún ṣe ipò kẹta, lọ́jọ́ yẹn kò sì rí ọkọ̀ kankan dá lẹ́bi.

Ìwọ ńkọ́, tí o jókòó síwájú mi tí o ń mi ẹsẹ̀? Ibi iṣẹ́ mẹ́ta lọ́dún méjì, lẹ́tà ìfiṣẹ́sílẹ̀ míì sì tún wà nínú àpò rẹ. N kò ní kí o má lọ o. Bí ilé bá ń jó, ta ni yóò jókòó síbẹ̀? Ṣùgbọ́n a kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán: bí o ò bá lé nǹkan, nǹkan ń lé ọ. Yọ lẹ́tà yẹn síta. Èwo nínú méjèèjì ló mú ọ kọ ọ́, ohun tí ò ń lé ni àbí ohun tó ń lé ọ? Dá mi lóhùn kí o tó dìde lórí àga mi.