Bí Etí Ejò Ṣe Tán Sẹ́nu Àpótí Orin

Nígbà láéláé, nígbà tí ejò ṣì ní etí, etí náà kì í ṣe kékeré. Ó fẹ̀ bí ewé kókò. Bí èèrà bá sín ní òdìkejì odò, Ejò á dáhùn láti ilé rẹ̀ pé, "Pẹ̀lẹ́ o!"

Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń yà sílé Ejò, òun fúnra rẹ̀ ló sì fà á. Ó fẹ́ràn àwàdà burúkú jù. Lọ́jọ́ kan, ó na ara rẹ̀ gbọọrọ sójú ọ̀nà bí okùn. Ọ̀kẹ́rẹ́, aládùúgbò rẹ̀, mú un nílẹ̀, ó fi di ẹrù ẹyìn, ó gbé ẹrù náà lérí. Nígbà tó rìn dé ìdajì ọ̀nà, okùn ní, "Ọ̀kẹ́rẹ́, o kú iṣẹ́ o. Ṣé a ti fẹ́ délé?"

Ẹyìn fọ́n ká. Ọ̀kẹ́rẹ́ gun igi, kò sọ̀ kalẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ejò rẹ́rìn-ín títí ikùn fi ń ro ó. Ikùn rẹ̀ sì gùn, ó pẹ́ kí ìrora náà tó dé ìrù.

Nígbà tí ọjọ́ ìjẹṣu tuntun dé, Ejò sun ogún iṣu, ó to ogún ìjókòó sí àgbàlá. Kò sẹ́ni tó wá. Òun nìkan ló jẹ iṣu náà fún ọjọ́ mẹ́rin. Ẹ̀rín kò wá mọ́.

Ilé Ọ̀kẹ́rẹ́ ni gbogbo ẹranko kó lọ, torí àpótí orin Ọ̀kẹ́rẹ́ ló ń ké jù. Láyé ìgbà náà, gbogbo ilé ló ní àpótí orin. Ìtì igi tí inú rẹ̀ ṣófo ni, ó lẹ́nu méjì, àwọn olórin á wọnú rẹ̀ lọ máa kọrin. Ẹyẹ ẹ̀gà mẹ́ta ló wà nínú ti Ọ̀kẹ́rẹ́.

Bí wọ́n ṣe ń wọn ariwo rẹ̀ kò ṣòro. Ẹnì kan á kẹ̀yìn sí ilé náà, á máa rìn lọ lẹ́bàá àwọn ọ̀pẹ tó wà lọ́nà odò. Ibi tí kò bá ti gbọ́ orin mọ́, á dúró. Ti Ọ̀kẹ́rẹ́ dé ọ̀pẹ keje. Ilé tí ohùn rẹ̀ bá sì lọ jìnnà jù ni wọ́n ti ń jẹṣu.

"Lọ́dún tó ń bọ̀," Ejò wí, "tèmi á dé ọ̀pẹ kẹwàá. Wọ́n á wá. Wọn ò ní lè má wá."

Ó wá ìtì ìrókò tó ṣófo. Ó bẹ Ọ̀pọ̀lọ́ kó máa kọ ohùn ìsàlẹ̀, ó bẹ Ìrẹ̀ kó máa kọ ohùn òkè. Àwọn méjèèjì gbà, torí ilé tiwọn ń jò. Ejò fi ẹfun fa ìlà mẹ́wàá sára ìtì náà. Ó ní, "Bí mo bá fi ìrù gbá a lẹ́ẹ̀kan, ẹ gbé ohùn sókè dé ìlà kan."

Láàárọ̀ ọjọ́ ìjẹṣu ọdún kejì, Ọ̀pọ̀lọ́ yọrí síta. "Ẹ̀gbọ́n, ta ló máa bá wa rìn dé ìdí ọ̀pẹ?"

Ìyá Ìgbín ló ń kọjá lọ. Ejò sáré bá a. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi rìn dé ọ̀pẹ kẹwàá, kẹ́ ẹ bá mi gbọ́ ọ."

"Ìwọ!" Ìyá Ìgbín ní. "Mo mọ̀ ẹ́. Bí mo bá yíjú báyìí, o ti di okùn mọ́ mi lẹ́sẹ̀."

"Ẹsẹ̀ wo, Màmá?"

Ẹnu rẹ̀ ló tún bà á jẹ́. Ìyá Ìgbín pòṣé, ó fi ìbínú bá tirẹ̀ lọ. Àmọ́ títí oòrùn fi mú, a ṣì ń rí ẹ̀yìn rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà.

"Kí ni mo tiẹ̀ ń bẹ wọ́n fún?" Ejò wí. "Irú etí tí mo ní yìí! Ibí ni màá ti wọ̀n ọ́n." Ó ki etí ọ̀tún bọ ẹnu kan àpótí náà, ó fa etí òsì bọ ẹnu kejì.

Gbá! Ìlà kìíní. "Ó dùn."

Gbá! Ìlà kẹta. Etí rẹ̀ ń hó bí ìkòkò omi gbígbóná.

Gbá! Ìlà karùn-ún. Ejò fajú ro. "Kí ló dé tó ń lọ sílẹ̀? Ṣé ó ti rẹ̀ yín ni?"

"Ẹ̀gbọ́n, kò lọ sílẹ̀ o!" Ọ̀pọ̀lọ́ kígbe. "Òkè ló ń lọ!"

Ejò kò gbọ́ èyí dáadáa. Bí ẹni ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ògiri ló rí létí rẹ̀. "Ẹ gbé e sókè!"

Nígbà tí wọ́n dé ìlà kẹjọ, òrùlé ń gbọ̀n, ọ̀fun Ọ̀pọ̀lọ́ wú bí igbá, ojú rẹ̀ yọ síta, kò sì tíì wọlé padà di òní. Ejò ní, "Ọ̀lẹ lásán! Ẹ̀fọn inú yàrá mi ké jù yín lọ!"

Ìlà kẹwàá. Etí Ejò méjèèjì rọ, wọ́n já bọ́ sínú àpótí bí ewé gbígbẹ. Kò tiẹ̀ mọ̀. Ó rò pé àwọn olórin ti dákẹ́ ni, ó sì ń fi ìrù gbá ìtì lọ, gbá, gbá, gbá.

Ó gbójú sókè báyìí, kí ló rí? Gbogbo ayé ń bọ̀! Ọ̀kẹ́rẹ́ ló ṣíwájú, Àgbọ̀nrín tẹ̀ lé e, Òkété ń sáré bọ̀ lẹ́yìn.

Omi lé ròrò sójú Ejò. "Ẹ káàbọ̀! Ẹ wọlé! Ìjókòó wà fún gbogbo yín!"

"Pa orin yẹn!" Ọ̀kẹ́rẹ́ ń kígbe. "Ọmọ mi ti já bọ́ lórí igi!"

"Ẹ má dúró sójú oòrùn, iṣu ti jinná!"

Òkété na àpáàdì sí i. "Wo ìkòkò mi! Wo ohun tí ariwo rẹ fọ́!"

"Há, ẹ tún gbé ẹ̀bùn wá!" Ejò gba àpáàdì náà, ó gbé e síbi tó dára.

Àgbọ̀nrín di etí, ó ń mi orí. Ejò rò pé ijó tuntun ni. Òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í jó o.

Ọ̀kẹ́rẹ́ fò wọlé, ó ta ìtì náà nípàá. Ìrẹ̀ sá wọ ihò. Ọ̀pọ̀lọ́ jáde, ó gbé ohun rírọ méjì lọ́wọ́. "Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "ẹ gba nǹkan yín."

Ejò wo ohun náà. Ó fi ìrù kan ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀ lọ́tùn-ún, ó kàn án lósì. Ó ń dán bọ̀rọ́. Ó sorí kọ́, àgbọ̀n rẹ̀ sì lẹ̀ mọ́ ilẹ̀.

Ọ̀kẹ́rẹ́ fi ìbínú tẹ ilẹ̀. Gbì!

"Ta ló tẹ ilẹ̀?" Ejò bi wọ́n. "Kò wúwo. Ọ̀kẹ́rẹ́ ni." Ó tún tẹ àgbọ̀n mọ́lẹ̀. "Ẹnì kan sì tún ń bọ̀ lọ́nà, ó ń wọ́ bọ̀ jẹ́jẹ́ jẹ́jẹ́."

Ìyá Ìgbín ló yọ. Ìlà kẹta ló ti bí i nínú, tó fi yí padà wá jà. Ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ejò gbọ́ ẹ̀rín náà nínú ilẹ̀, ó wọ̀ ọ́ lára láti àgbọ̀n dé ìrù, òun náà sì rẹ́rìn-ín. "Mo fẹ́ mọ ibi tí ohùn mi dé," ó ní. "Ó dé ọ̀dọ̀ gbogbo yín. Ọ̀dọ̀ èmi nìkan ni kò dé!"

Wọ́n jókòó, wọ́n jẹ iṣu, wọ́n sì bú u dáadáa. Kò gbọ́ ọ̀kan, ó gbádùn ara rẹ̀. Nígbà tí wọ́n lọ tán, tó rí àpáàdì Òkété níbi tó gbé e sí, ni ojú wá tì í.

Láti ọjọ́ náà ni ejò kò ti ní etí mọ́, tó ń fi àgbọ̀n àti ikùn gbọ́ ilẹ̀. Bí o bá ń rìn nínú igbó, tí o fẹsẹ̀ tẹlẹ̀ gbì gbì, á yára yọ́ wọ inú koríko lọ. Ó rò pé o tún wá sọ fún òun kó dín ariwo kù ni.