Ìyàwó Láníhùn Bá Wọn Dá sí Ìdíje Rédíò

Nínú ìdíje àwọn tó ń fi rédíò bá ará ayé sọ̀rọ̀, ẹni tó bá ní òun nìkan lòun máa ṣe é kò gbọdọ̀ gba ìrànlọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ẹni tó bá sì bá èèyàn tó pọ̀ jù sọ̀rọ̀ ló ń borí. Ẹnjiníà Fásànyà, alága ẹgbẹ́, ló ń gba ife-ẹ̀yẹ lọ́dọọdún. Nígbà tí Láníhùn, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, fi èèyàn mẹ́ta péré jù ú lọ, alága ní òun gbọ́ ohùn obìnrin lẹ́yìn rẹ̀ lórí rédíò, òun sì ti fi ẹ̀rọ gba ohùn náà sílẹ̀: kí Láníhùn fi ẹ̀rí hàn pé obìnrin náà kò ràn án lọ́wọ́, tàbí kó gbàgbé ife. Láníhùn ní, "Ẹ̀rí mi wà lọ́wọ́ yín, sà. Ẹ jẹ́ kí gbogbo ilé gbọ́ ọ." Wọ́n tan ẹ̀rọ, ohùn ìyàwó rẹ̀ sì gba gbogbo gbọ̀ngàn: "Bàbá Ṣíjúadé! Ẹ ò rí bàtà yín lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, èèyàn lẹ ń wá ní Bùràsíìlì! Ọbẹ̀ ti tutù o! Bí ẹ ò bá dìde, màá fa wáyà yẹn tu!" Ẹ̀rín sọ. Láníhùn kọjú sí àwọn adájọ́, ó ní, "Ẹ bá mi wá ìrànlọ́wọ́ níbẹ̀, torí ó ti tó ọgbọ̀n ọdún tí èmi náà ti ń wá a. Mo pa rédíò, mo lọ jẹun fún wákàtí kan gbáko. Ta ló wá ń rí èèyàn bá sọ̀rọ̀ nígbà yẹn?" Àwọn adájọ́ yẹ ìwé àkọsílẹ̀ ìdíje wò: ní wákàtí yẹn, alága bá èèyàn mọ́kànlélógún sọ̀rọ̀. Láníhùn tẹrí ba, ó ní, "Alága, ẹ̀yin ni ìyàwó mi ràn lọ́wọ́." Bó ṣe gba ife-ẹ̀yẹ nìyẹn, tí gbogbo ẹgbẹ́ sì mọ ẹni tó ni ilé rẹ̀.